Bí ẹ ṣe máa mọ ibi tí ariwo ẹ́ńjìnnì ti ń wá, kí ẹnikẹ́ni tó tú u palẹ̀

Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí kò ṣe ń dún tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni ín wà á lọ bá mẹkáníìkì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ó ń pariwo." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ iná, ìyẹn ẹsẹ̀ epo, lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní tápẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń ti fáàfù lókè ẹ́ńjìnnì, ni. Wọ́n ṣe tápẹ́ẹ̀tì, ariwo ò lọ. Wọ́n ní a jẹ́ pé ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ni. Wọ́n ra ṣéènì tọ̀kunbọ̀, ariwo ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì máa fi wà nílẹ̀ lórí tapólì, owó ilé ìwé ọmọ ti bá a lọ, bẹ́ẹ̀ bóòtù sálẹ́ńsà kan tó tú ló ń dún látìgbà yẹn.

Òdìkejì rẹ̀ tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì ń kan gbì-gbì-gbì nísàlẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó ni ín ṣáà rọra máa wà á, pé á gbé e láti Ìlọrin dé Ọ̀ffà. Kó tó kọjá Ìdófìàn, kọ́ńródì, ọ̀pá tó gbé pístọ̀nù, ti já, ó ti lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì jáde, ọ́ìlì ti dà sójú títì. Ẹ́ńjìnnì tí wọn ì bá pààrọ̀ béárìn rẹ̀ nìkan ti di irin àlòkù.

Ibi kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti ṣì í: ohùn nìkan ni wọ́n fi dá àìsàn mọ̀. Kì-kì-kì kan náà lè wá láti ọ̀dọ̀ tápẹ́ẹ̀tì, láti nọ́sù tó ń fọ́n epo, láti ẹnu sálẹ́ńsà (ibi tó ti bá orí ẹ́ńjìnnì pàdé) tó ń jò, tàbí láti púlọ́ọ̀gì tí wọn ò dè le. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìgbà tó ń dún, ibi tó ti ń dún, àti ohun tó ń mú un pọ̀ sí i tàbí tó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ìgbà ni ká kọ́kọ́ mọ̀, ká tó wá ibi. Irú ohùn ló gbẹ̀yìn.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní ìta gbangba. Ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí wọ́n tì, nítorí èéfín mọ́tò ń pani láìní òórùn tó máa kìlọ̀ fún yín.
- Àsìkò tí àdúgbò dákẹ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló dára jù, kí wọ́n tó máa tan jẹnẹrétọ̀, kí ọ̀kadà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti sùn mọ́jú kó tutù dáadáa.
- Ẹnì kan tó máa jókòó sídìí sítíárìn, tó ń gbọ́ràn tí wọ́n bá ní kó tẹ iná tàbí kó pa á.
- Rọ́bà omi tó gùn tó mítà kan, àti sikurudíráífà gígùn kan.
- Tọ́ọ̀ṣì, àkísà funfun, àti ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, bírò àti ìwé.
- Tí ẹ bá lè rí i, ẹ̀rọ sikánà kékeré ELM327 tó ń ka kóòdù àìsàn mọ́tò, tó sì ń bá fóònù Android sọ̀rọ̀. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ̀ ọ́, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.

Ìkìlọ̀ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan: ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ bọ́ agbádá, ẹ so ìborùn mọ́ra, ẹ yọ òrùka àti ṣéènì ọrùn. Fáànù rédíétọ̀ tó ń lo iná lè yí fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú pàápàá, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ síbẹ̀. Ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná, ẹ má ṣí i.

Ìgbésẹ̀ 1: Ọ́ìlì kọ́kọ́

Ẹ má tíì sitáàtì rẹ̀. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ ibẹ̀ dé ìdí, ẹ tún fà á yọ. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Tó bá wà nísàlẹ̀ àmì kékeré, ẹ ti lè rí ìdí ariwo náà ná.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ lórí àkísà funfun. Kó dúdú kì í ṣe àìsàn. Kó funfun kó sì ki, omi ti wọ inú rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni ká kọ́kọ́ fura sí, ẹ má sì sitáàtì ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́. Tí ẹ bá rí nǹkan tó ń dán wínníwínní nínú rẹ̀, ẹ sáré lọ sí ìgbésẹ̀ 7.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí kan àwọn mọ́tò tó pọ̀ ní ìlú wa gan-an. Camry tí à ń pè ní Muscle, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 2007, tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì 2.4, máa ń jẹ ọ́ìlì. Toyota fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣètò láti pààrọ̀ pístọ̀nù àti ríìngì fún àwọn kan nínú wọn. Corolla 1.8 ti 1998 sí 2002 náà ń jẹ ẹ́. Ilẹ̀ ibi tí ẹ páàkì sí lè gbẹ táútáú, kí ọ́ìlì sì máa lọ láti inú sálẹ́ńsà. Ẹni tó bá ń dúró de oṣù tó ń ṣe sáfíìsì kó tó fa géèjì wò ti pẹ́ jù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kó máa wò ó.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* wọ́n á ní kí ẹ da ọ́ìlì tó ki sí i, 20W-50, tàbí kí ẹ ra oil treatment, ariwo á lọ. Ariwo lè lọ lóòótọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ńjìnnì ò dúró. Ọ́ìlì tó ki jù kì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, ó sì lè dá kún ariwo ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sitáàtì. Irú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì yín ń fẹ́ sábà máa ń wà lórí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, bíi 5W-30 tàbí 5W-20. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí sínú ìwé mọ́tò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ da ọ́ìlì kún un dé àmì òkè, ẹ má jẹ́ kó kọjá rẹ̀. Ẹ sitáàtì. Iná pupa ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tó bá kú tí ariwo sì lọ, ọ́ìlì ló ń wá. Iṣẹ́ tó kù ni láti mọ ibi tó ń bá lọ. Tí iná yẹn ò bá kú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wà á lọ bá mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kó wá bá yín, tàbí kí ẹ wọ́ ọ lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ìgbà sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì sitáàtì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Kí fóònù ti máa gba ohùn sílẹ̀ kó tó yí kọ́kọ́rọ́, nítorí pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń sọ ohun tí wákàtí kan ò ní sọ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó gbóná láìtẹ iná títí ọwọ́ tó ń ka ooru á fi dúró sí ibi tó máa ń dúró sí, kí ẹ sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń yí padà.

Ó dún gàrà-gàrà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta, ó sì dákẹ́ pátápátá: ọ́ìlì ti sàn kúrò lókè mọ́jú. Ṣéènì táímìn, ohun tó ń fa ṣéènì le, tàbí gíà VVT tó wà lórí kámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) ló ń dún kí ọ́ìlì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ tún wo filítà ọ́ìlì tí wọ́n fi sí i. Àwọn ayédèrú kan ò ní rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró sínú rẹ̀, nítorí náà filítà tó dára nìkan ti pa irú ariwo báyìí lẹ́nu mọ́ nínú mọ́tò púpọ̀. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ kí ẹ tó gbà pé ṣéènì ti nà.

Ó ń dún fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ó wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbóná: ẹnu sálẹ́ńsà ló ń jò tàbí pístọ̀nù ló ń gbá ògiri sílíńdà. Irin máa ń fẹ̀ tó bá gbóná, àlàfo náà á sì pa dé.

Ó dákẹ́ nígbà tó tutù, ó wá ń dún nígbà tó gbóná, ó sì ń le sí i: èyí ni kí ẹ bẹ̀rù. Ọ́ìlì ti fẹ́lẹ́, béárìn tó ti jẹ ń fi ara rẹ̀ hàn.

Ó ń dún kìkì tí ẹ bá tan AC, tàbí kìkì tí ẹ bá yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun: ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún níṣẹ́ yẹn ni, tàbí bẹ́líìtì tó ń yí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìwé yín gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn kan tí kò ní "bóyá" nínú, irú bíi "Ó ń dún láàárọ̀ fún ìṣẹ́jú méje, AC ò kàn án, kì í dún tó bá ti gbóná." Tí ẹ ò bá lè kọ irú rẹ̀, ẹ tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí èrè nínú kí á kánjú kọjá ibí yìí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ṣé ẹ́ńjìnnì ni lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ ariwo tí wọ́n gbé lọ bá oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ló jẹ́ ti ẹsẹ̀ mọ́tò. Ẹ dúró lójú kan, ẹ fi bírékì ọwọ́, gíà wà ní P tàbí nútírà, ẹ rọra tẹ iná. Tí ariwo náà bá wà níbẹ̀ tó sì ń tẹ̀ lé iná, ẹ́ńjìnnì ni tàbí ohun tí ẹ́ńjìnnì ń yí.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí mọ́tò ń rìn nìkan ló ń dún, ẹ wá ọ̀nà tó ṣófo. Ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo, lẹ́yìn Gánmọ̀, láàárọ̀ kùtùkùtù dára fún un. Ẹ wà á bí ó ṣe yẹ, kí eré má yí padà, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì O/D (overdrive, gíà òkè pátápátá) tó wà lára gíà ọlọ́jọ́ọ́mátíìkì, tàbí kí ẹ fa gíà láti D sí 3. Ẹ́ńjìnnì á yí kánkán sí i, taya ò ní yí padà. Tí ariwo náà bá yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, tiẹ̀ ni. Tí kò bá yí padà rárá, ẹ lọ wo béárìn taya. Tó bá jẹ́ kà-kà-kà tí ẹ bá ń ṣẹ́ kọ́nà nìkan, CV joint, oríkèé ọ̀pá tó ń yí taya, ni, ẹ́ńjìnnì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá ibi tó ti ń dún

Ẹ fi orí rọ́bà omi kan sí etí, ẹ máa gbé orí kejì káàkiri: ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ṣéènì wà, alternator tó ń fún bátìrì ní iná, pọ́ǹpù omi, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ AC, ibi tí sálẹ́ńsà ti bá orí ẹ́ńjìnnì pàdé, àti agbada ọ́ìlì nísàlẹ̀. Rọ́bà dára fún ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn jáde. Fún ohun tó ń kan nínú irin, sikurudíráífà gígùn ló dára: ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan irin tí kì í yí, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ kan egungun ẹ̀yìn etí, kì í ṣe inú ihò etí.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* irin máa ń gbé ohùn rìn. Nǹkan tó ń kan nísàlẹ̀ á dún dé òkè. Ẹ má dúró síbi àkọ́kọ́ tí ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ ká, kí ẹ tó sọ pé ibi báyìí ló ti rinlẹ̀ jù.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, kí ẹnì kejì fi ẹsẹ̀ le bírékì pinpin kó kó gíà láti R sí D. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, láé ẹ má dúró níwájú mọ́tò. Tí ẹ́ńjìnnì bá fò sókè tó sì dún gbà, ẹ́ńjìn síìtì, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ló ti já.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fún ẹnì kejì ní rọ́bà láìsọ ohun tí ẹ gbọ́ fún un. Tó bá na ọwọ́ síbi kan náà, ẹ ti rí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Bẹ́líìtì àti àwọn ohun tó ń yí

Ariwo tó ń han fíìì láàárọ̀, tàbí tó ń dún ṣín-ṣín-ṣín bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, kọ́kọ́ jẹ́ ti bẹ́líìtì níwájú. Eruku ọyẹ́ ilẹ̀ wa kì í fi wọ́n sílẹ̀, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì pàápàá.

Nígbà tí ó ń dún, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí ojú bẹ́líìtì tó ní ilà, láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Tó bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, púlì kan ò bá àwọn yòókù dọ́gba. Tí ó bá pariwo sí i, bẹ́líìtì náà ti dẹ̀, tàbí ohun tó ń fà á le ti rẹ̀. Tí omi ò bá yí nǹkan kan padà, ó lè jẹ́ béárìn inú ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń yí.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń họ ọwọ́ tàbí tó ń mì ni. Ẹ lè sitáàtì láìsí bẹ́líìtì kí ẹ gbọ́ bóyá ariwo ti lọ, ṣùgbọ́n kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí pọ́ǹpù omi.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gírísì, ọ́ìlì tàbí ọṣẹ kun bẹ́líìtì. Á dákẹ́ lónìí, á yọ̀ lọ́la, alternator ò sì ní gbé iná mọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Kì-kì-kì lókè ẹ́ńjìnnì

Ibí yìí ni wọ́n ti ń na owó dànù jù, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo, tápẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n fún nǹkan márùn-ún.

Nọ́sù ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò níbẹ̀. Nọ́sù ń dún kì-kì wẹ́wẹ́ ní gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ń lo wọn. Ẹ fi sikurudíráífà kan ara ọ̀kọ̀ọ̀kan: tí gbogbo wọn bá dún bákan náà, ara wọn yá. Èyí tí kò dún rárá ló ní wàhálà.

Ẹnu sálẹ́ńsà tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí sálẹ́ńsà ti bá orí ẹ́ńjìnnì pàdé. Ẹ ó rí dúdú èéfín níbi tó ń jò. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì fi àkísà tútù dí ìdí sálẹ́ńsà lẹ́yìn díẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó wọ ìbọ̀wọ́. Tí kì-kì náà bá le sí i, ẹ ti mú un. Bóòtù àti gásíkẹ́ẹ̀tì ni ẹ máa rà.

Púlọ́ọ̀gì tó tú díẹ̀ náà ń dún, ó sì máa ń fẹ́ fùù-fùù sí ẹnu rọ́bà tí ẹ bá gbé e súnmọ́ ọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ló wá kan tápẹ́ẹ̀tì. Kámù ń yí ní ìdajì eré kíráńkì, ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí 750 ní ìṣẹ́jú kan, tápẹ́ẹ̀tì kan tó dẹ̀ á kan bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó wà lára kíráńkì á kan ní ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀. Etí lè kọ́ èyí: kì-kì tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè máa kà, òkè ni. Honda Accord oní-sílíńdà mẹ́rin ti 2003 sí 2007 ní tápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tún ṣe pẹ̀lú bóòtù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Mẹkáníìkì tó fẹ́ ṣe é ní gbígbóná kò mọ iṣẹ́ náà. Ti Camry 2.4 ò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní bóòtù tí wọ́n ń yí, nítorí náà ẹni tó bá ní òun fẹ́ "dè é" fún yín, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ dè.

Ṣéènì náà wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó gbà, ẹ mọ̀ bóyá mọ́tò yín tilẹ̀ ní ṣéènì. Camry 2.2 ti 1997 sí 2001 ń lo bẹ́líìtì táímìn. Láti 2002, Camry tí à ń pè ní Big Daddy, oní 2.4, ń lo ṣéènì. Tí ṣéènì bá ti nà gan-an, sikánà sábà máa ń mú kóòdù P0016 jáde, ìyẹn pé kámù àti kíráńkì ò bára mu mọ́. Gàrà-gàrà ojoojúmọ́ tí kò lọ lẹ́yìn tó gbóná, pẹ̀lú P0016, ó tó láti ṣí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ti yọ nọ́sù, sálẹ́ńsà àti púlọ́ọ̀gì kúrò kí ọ̀rọ̀ tápẹ́ẹ̀tì tó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Gbì-gbì-gbì nísàlẹ̀

Èyí ni wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ tó ń mú ọkàn onímọ́tò já. Ẹ má jẹ́ kó já ná, nítorí àwọn nǹkan kan wà tó ń dún bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe béárìn.

Púlì kíráńkì níwájú ní rọ́bà láàárín irin méjì. Tí rọ́bà náà bá ti ya, irin á máa gbá irin. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo rọ́bà náà. Flexplate, irin pẹrẹsẹ tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà ọlọ́jọ́ọ́mátíìkì, lè sán, tàbí kí bóòtù rẹ̀ tú. Tiẹ̀ máa ń wá láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì sábà máa ń yí padà tí ẹ bá kó gíà sí D. Irin fẹ́lẹ́ tó bo sálẹ́ńsà kó má gbóná jù lè tú, á máa gbọ̀n bí ẹ̀wà gbígbẹ nínú agolo. Ẹ dúró kí ohun gbogbo tutù, kí ẹ fi ọwọ́ gbá a wò. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ AC náà lè máa dún bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kúrò.

Ìkìlọ̀ lórí sikánà: P0325 kò túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ohun tó ń sọ ni pé wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ nọ́ọ̀kì ní wàhálà. Mo kórìíra bí wọ́n ṣe ń fi kóòdù yìí dẹ́rù ba àwọn èèyàn títí tí wọ́n fi ń ra ẹ́ńjìnnì odidi.

Tó bá ku béárìn, ẹ jẹ́ kó gbóná, kí mẹkáníìkì wà níbẹ̀. Ẹ tẹ iná dé nǹkan bíi 2000 sí 2500 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, ẹ mú un dúró síbẹ̀, ẹ tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì. Béárìn kọ́ńródì sábà máa ń kan kíkankíkan ní ìgbà tí ẹ tú u sílẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó máa yí láìtẹ iná, kí mẹkáníìkì máa yọ wáyà nọ́sù lọ́kọ̀ọ̀kan. Sílíńdà tí ariwo bá rọ̀ nígbà tí wọ́n yọ tirẹ̀ ni béárìn ti jẹ. Wáyà nọ́sù ni kó yọ, kó má yọ ti kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, torí pé epo tí kò jó á lọ sínú catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sálẹ́ńsà, á sì bà á jẹ́.

Ẹ tú ọ́ìlì sínú abọ́ tó mọ́, kí ẹ sẹ́ ẹ nínú àkísà funfun. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òòfà nìkan: ojú béárìn kì í ṣe irin tí òòfà ń gbé, nítorí náà òòfà lè mọ́ nígbà tí béárìn ti pòórá. Ẹ gé filítà sí méjì, ẹ tẹ́ bébà inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn. Tó bá ń dán bíi bàbà tàbí fàdákà, ẹ ti ní ìdáhùn yín. Tí mẹkáníìkì bá ní géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì, kó dè é sí ojú sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì. Òṣùwọ̀n táwọn oníṣẹ́ ń lò ni pé kó tó 10 psi lójú géèjì náà fún 1000 yíyí kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó gbóná.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ nílò ẹ̀rí méjì ó kéré tán, ohùn tó rọ̀ lórí sílíńdà kan, àti irin nínú ọ́ìlì tàbí agbára ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀. Tí ẹ bá rí méjèèjì, mọ́tò náà ò gbọ́dọ̀ rìn mọ́, bó ti wù kó jẹ́ pé ó ṣì ń fa dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 8: Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí ẹ bá ń gun òkè

Ó dákẹ́ nílé. Ẹ gbé èrò mẹ́rin àti àpò iṣu, ẹ kọjá Òró lọ sí Òmù-Àrán, ẹ tẹ iná lórí òkè, ó wá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ wẹ́wẹ́. Epo ló ń jó ṣáájú àsìkò rẹ̀ nínú sílíńdà. Ẹ lo epo ilé epo mìíràn fún táńkì méjì. Tó bá lọ, epo ni. Tí kò bá lọ, ẹ wo bóyá mọ́tò ń gbóná ju bó ṣe yẹ, bóyá sikánà mú P0171 jáde, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju epo lọ, kí ẹ sì tẹ́tí sí rọ́bà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn máníífóòdù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, bóyá ó ń súfèé. Wọn á fẹ́ fọ́n bẹntiróòlù sí i láti wá ibi tó ń fà á. Ẹ kọ̀, iná lè ràn. Omi inú ike tó: tí yíyí ẹ́ńjìnnì bá yí padà nígbà tí omi kan ibẹ̀, ibẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ yẹra fún kọ́ìlì àti àwọn orí wáyà.

Ìgbésẹ̀ 9: Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì

Ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé yín fún un, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn inú fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, láàárọ̀ nìkan ló ń dún, ìṣẹ́jú méje, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálẹ́ńsà níwájú, ó le sí i nígbà tí mo dí ẹ̀yìn." Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí ẹ ti dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Èyí tó bá gbá ìwé yín tì tó sì ní kí ẹ lọ ra ṣéènì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín padà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ẹ̀yà tí wọ́n yọ, kí ẹ rí ibi tó ti jẹ. Ẹ má sì gba mọ́tò ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná kí ẹ sọ pé ó ti dákẹ́, bó bá jẹ́ pé àárọ̀ ló máa ń dún. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí mọ́tò sùn síbẹ̀, tàbí kí ẹ jọ ṣe àdéhùn pé ẹ ó san ìyókù lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn àsùbáà, ẹ tún gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ibi kan náà, kí fóònù wà ní ọwọ́ kan náà, kí ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Tí ohùn tí ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ àti tòní bá jọra, ẹ̀yà tí wọ́n pààrọ̀ yẹn kọ́ ló ń dún, ẹ sì padà sí ìgbésẹ̀ 4.